Ewédú Tó Ń Rọ Lọ́sàn-án: Bí Mo Ṣe Wá Ẹni Tó Mọ Ìdí Rẹ̀

Apá Alápẹ́rẹ̀, ní Kétu, ni ilẹ̀ tí mo fi ń dá oko ẹ̀fọ́ wà, lẹ́yìn àwọn ilé tó kọjú sí ọ̀nà omi. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ síbẹ̀, tí àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ láti Kétu àti Mile 12 sì ń wá rà á lórí ebè. Ní ọdún kẹrin ni ewédú yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Yóò hù dáadáa, lẹ́yìn náà yóò dúró sójú kan, ewé rẹ̀ yóò máa pọ́n, nígbà tí oòrùn bá sì kàn àtàrí, gbogbo ebè yóò rọ bí ẹni pé n kò bomi rin ín láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ ṣì tutù.

Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni èmi náà kọ́kọ́ ṣe: mo fi ajílẹ̀ òyìnbó kún un. Mo lo 15-15-15, mo tún fi yúríà lé e. Ewé náà dúdú minimini fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì tún rọ. Owó ajílẹ̀ ń lọ sókè, ilẹ̀ sì ń ṣá sí i, nítorí pé yanrìn ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wa yìí. Kò lè di omi mú, kò sì lè di oúnjẹ tí a bù sí i mú, òjò ńlá kan ṣoṣo ti tó láti fọ̀ ọ́ lọ sínú ọ̀nà omi. Ìgbà náà ni mo pinnu pé n kò ní ra àpò mìíràn mọ́ títí n ó fi rí ẹni tí yóò sọ ohun tó ń ṣe ilẹ̀ náà fún mi.

Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ tí mo lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀. Wọ́n ní ọ̀gá kò sí ní ìjókòó, wọ́n ní kí n padà wá, níkẹyìn wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù owó yíyá, nígbà tó jẹ́ pé owó kọ́ ni mo wá. Ó dùn mí gan-an. Síbẹ̀, nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ohun tí mo bi wọ́n ni pé, “Ìrànlọ́wọ́ wo lẹ ní fún àgbẹ̀?”, ìbéèrè náà sì fẹ̀ jù, kò sí ẹni tó lè mú un lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ẹnì kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé ìjọba ń fún àgbẹ̀ ní owó ọ̀fẹ́, kí n kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù sí àkáǹtì òun. N kò san án. Bí irú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin náà, ẹ má san án.

Bàbá kan tó ti ń gbin ẹ̀fọ́ kí wọ́n tó bí mi ló là mí lójú. Wọ́n bi mí pé ṣé mo ti wo gbòǹgbò rẹ̀. N kò wò ó rí. Wọ́n ní, “Má fà á tu o, yóò já. Fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ.” Mo gbẹ́ ẹ, mo gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, kókó sì tò lára gbòǹgbò náà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí òwú. Mo ní bóyá irú èyí tó máa ń wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà ni. Bàbá náà mi orí, wọ́n ní kí n gbé e lọ sí Oko-Ọba.

Ní Oko-Ọba, ní Agége, ni LSADA wà, ìyẹn àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀. Mo di ewédú mẹ́rin tàwọn ti gbòǹgbò wọn sínú ọ̀rá pẹ̀lú erùpẹ̀ tútù, mo sì wọ dánfó. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun kan ṣoṣo ni mo béèrè: “Ẹ káàárọ̀ mà. Kí ni èyí?” Ìyá tó dá mi lóhùn tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì wọn, wọ́n sì fi èékánná họ kókó náà. Kò bọ́. Wọ́n ṣàlàyé pé kókó ara ẹ̀wà máa ń tètè bọ́ bí a bá họ ọ́, inú rẹ̀ sì máa ń pọ́n díẹ̀ bí ó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí pé òun ni ilé àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín tó ń bá ẹ̀wà fa nitrogen, ìyẹn oúnjẹ ewéko, láti inú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lára ewédú mi, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú, nítorí pé àwọn aràn inú ilẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní nematode, ló wọ inú rẹ̀, tí wọ́n ń jẹ ibẹ̀, tí omi kò sì lè gòkè dé ewé mọ́. Àwọn aràn náà fẹ́ràn ewédú àti ṣọkọ gidigidi. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ka gbogbo àpò ajílẹ̀ tí mo ti dà sórí gbòǹgbò tí kò lè mu ún.

Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni mo ti gbọ́ nípa àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Ìbàdàn: NIHORT ní Ìdí-Ìṣìn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 fún èso àti ẹ̀fọ́; IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967; àti IAR&T ní Moor Plantation. Ìyá náà tún kọ́ mi bí a ṣe ń bu erùpẹ̀ fún àyẹ̀wò, mo sì rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń ṣìṣe. Kì í ṣe ojú kan la ti ń bù ú. A ó máa rìn wọ́gọwọ̀gọ kọjá oko, a ó bù ú ní bíi ibi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti òkè ilẹ̀ dé ìwọ̀n 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, a ó sì pò gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú báàkẹ́ẹ̀tì oníke, kì í ṣe garawa páànù, kí ìpata má baà bà á jẹ́. A kì í bù ú níbi tí a ti sun pàǹtírí. Abẹ́ òjìji la ti ń gbẹ ẹ́, a kì í sá a sóòrùn. Nígbà tí èsì tèmi dé, ilẹ̀ náà kan díẹ̀, ìyẹn ni pé ásíìdì wà nínú rẹ̀, ohun jíjẹrà inú rẹ̀ sì kéré púpọ̀.

Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àjọ Access Agriculture ni mo rí tó wúlò jù fún wa, nítorí pé wọ́n ní fídíò tí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ti ń ṣe iṣẹ́ náà lójú ẹni, àwọn kan nínú rẹ̀ sì wà ní èdè Yorùbá. Mo gbé e sórí fóònù, mo sì gbé e fún bàbá náà wò.

Nínú oṣù kìíní, mo bomi rin ebè méjì títí wọ́n fi rin gbingbin, mo fi ọ̀rá funfun tó ń fi ojú hàn bò wọ́n, mo fi erùpẹ̀ di etí rẹ̀ pa, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ooru oòrùn lè pa àwọn aràn náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni mo kó ìgbẹ́ adìẹ, koríko gbígbẹ àti eérú jọ, mo ń yí i ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, n kò lè fi ọwọ́ síbẹ̀ pẹ́. Mo dúró títí ó fi tutù tó sì ń rùn bí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò kí n tó dà á sórí ebè, nítorí pé ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó ẹ̀fọ́. Ebè kẹta ni mo fún yèrèpè irú èyí tí kì í yún ni lára, kí ó bo ilẹ̀, kí ó sì sinmi.

Ewédú orí ebè méjì náà dé orúnkún mi lọ́dún yìí, kì í sì í rọ lọ́sàn-án mọ́. Apá ìsàlẹ̀, níbi tí àgbàrá ti ń gba oko ẹlòmíràn kọjá wọ tèmi, kò tíì dára, nítorí pé omi àti ọkọ́ tí a kò fọ̀ ló ń kó aràn náà káàkiri. Ìyá Oko-Ọba ní àwọn ń bọ̀ wá wo ibẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Mo ti fọ ọkọ́ mi, mo sì ti kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sílẹ̀ dè wọ́n: ibo ni kí n la kòtò gbà kí àgbàrá náà lè yà?