Gààrí Ìjẹ̀bú, Òróòro àti Ọkàn: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Bí dókítà bá sọ fún èèyàn ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù (oríṣi ọ̀rá kan inú ẹ̀jẹ̀) rẹ̀ ti ga jù, epo ọbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dín kù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ohun tó ń wọlé nìkan ni a ń ṣọ́, a kì í bi ara wa ibi tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ń gbà jáde.

Inú ìfun ló ń gbà jáde. Ẹ̀dọ̀ máa ń fi kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ṣe òróòro, àpò òróòro á sì tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi jẹun. Nígbà náà ni yóò tú u sínú ìfun kékeré kí ó lè bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Bí iṣẹ́ yẹn bá ti parí, nínú ìdá 100 àsíìdì òróòro (èròjà inú òróòro tó ń da ọ̀rá), bíi 95 ni ara ń fà padà sí ẹ̀dọ̀. Ìwọ̀nba tó kù á bá ìgbẹ́ lọ. Ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe òmíràn dípò èyí tó lọ, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni yóò sì tún fi ṣe é. Àwọn bakitéríà (kòkòrò tín-ín-tín) inú ìfun wà lójú ọ̀nà yìí gan-an. Wọ́n ń gé òróòro, wọ́n ń yí i padà sí oríṣi mìíràn, àwọn oríṣi wọ̀nyí sì ń sọ fún ẹ̀dọ̀ bí yóò ṣe lo ọ̀rá àti ṣúgà.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti gààrí. Mo máa ń gbọ́ ọ pé gààrí Ìjẹ̀bú kan, nítorí náà kòkòrò tó ń ṣe inú lóore wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀gẹ́ tí a rin, tí a dì sápò fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kún fún bakitéríà tó ń mú un kan. Ṣùgbọ́n ooru agbada tí a fi yan án ti pa wọ́n. Kíkan rẹ̀ ló kù. Ẹni tó mu gààrí láàárọ̀, tó tún fi ẹ̀bà sùn, kò tíì fún bakitéríà inú rẹ̀ ní oúnjẹ tó tó, nítorí fáíbà (èròjà oúnjẹ tí ìfun wa kò lè dà) tó ń yọ̀ bí ilá ni wọ́n fẹ́ràn, gààrí ò sì ní in tó ẹ̀wà. Fáíbà yìí kan náà ló ń di òróòro mú nínú ìfun tí kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ padà sí ẹ̀dọ̀. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ọbẹ̀ ilá, ọ́ọ̀tì: ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yín. Gíráàmù 3 irú fáíbà tó ń yọ̀ yìí láti inú ọ́ọ̀tì lóòjọ́ tó láti mú LDL, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù búburú, wálẹ̀ díẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi gààrí sílẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà bá a rìn.

Ẹ wo ògì náà. A sẹ́ ẹ, a da èérí fún ewúrẹ́, fáíbà rẹ̀ sì bá èérí lọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ dídi òróòro mú yìí jẹ́ àbá lásán. Ní 1984, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ọkùnrin 3,806 tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn ga. Apá kan lo cholestyramine, oògùn tó ń di òróòro mú nínú ìfun tí kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ rárá. Ikú tí àrùn ọkàn fà àti ìkọlù ọkàn fi ìdá 19 nínú 100 dín kù láàárín wọn ju ti àwọn tí kò lò ó.

Àṣìṣe mìíràn wà ní kẹ́míìsì. Inú kùn, a ra Flagyl. Ìgbẹ́ gbuuru díẹ̀, a gbé Tetracycline mì, a lò ó lọ́jọ́ méjì, a dáwọ́ dúró. Oògùn wọ̀nyí kì í dá ẹni rere mọ̀ sí ẹni búburú, ọ̀pọ̀ bakitéríà tó ń tún òróòro ṣe ló ń bá wọn lọ. Ẹ má lò ó láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún yín.

Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ńkọ́? Kí èèyàn máa yàgbẹ́ omi ní gbogbo Sátidé kò fọ ọ̀rá kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Omi àti iyọ̀ ara ló ń bá a lọ, ó sì léwu gan-an fún ẹni tó ń lo oògùn ìfúnpá.

Ní ti ẹran, ìgbà Iléyà ló máa ń pọ̀ jù, Ojúde Ọba a sì tún gbà á lọ́jọ́ kẹta. Bakitéríà inú ìfun máa ń fi carnitine inú ẹran pupa àti choline inú ẹyin ṣe afẹ́fẹ́ kan, ẹ̀dọ̀ á wá sọ ọ́ di èròjà kan tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní TMAO. Olùwádìí Stanley Hazen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cleveland Clinic, ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ ní 2011. Ní 2013, wọ́n tẹ̀ lé ènìyàn 4,007 fún ọdún mẹ́ta, àwọn tí TMAO wọn ga jù ni ìkọlù ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí ikú bá jù. Nínú eku, TMAO tún dín bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń sọ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù di òróòro kù. Ìyẹn kò sọ pé ẹran àjọ̀dún kan á pani; àṣejù ojoojúmọ́ ni mo ń bá wí. Àwọn kan lè sọ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a fi oògùn pa kòkòrò náà. Wọ́n dán an wò: TMAO lọ sílẹ̀, ó sì padà wá nígbà tí wọ́n dáwọ́ oògùn dúró.

Ẹ má tìtorí ẹ̀wà àti ilá pa oògùn ìfúnpá tàbí ti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tì. Ẹni tí ẹ̀wà máa ń mú inú rẹ̀ wú kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba ṣíbí mélòó kan, kó máa mu omi dáadáa, kó sì fi díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.