Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Wa Bí Ìbò Gbogbogbòò Ìlú Ọba Bá Ń Bọ̀

Bí ìbò gbogbogbòò bá ti ń súnmọ́ ní Ìlú Ọba, kò sí òde àríyá Yorùbá, yálà ní Peckham tàbí ní Manchester, tí wọn kì í ti í já ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ẹnìkan á ní Labour ló mọ̀ nípa mẹ̀kúnnù. Ẹlòmíràn á ní Conservative ló mọ owó ṣọ́. Ẹnìkẹta á ní òun ti fi gbogbo wọn sílẹ̀, Reform lòun ń bá lọ. Àríyànjiyàn ò burú. Ohun tó ń dùn mí ni pé orí àṣìṣe kan náà la máa ń jókòó lé, ìbò á wá dé, á sì lọ, láìjẹ́ pé ohun tí a torí rẹ̀ pariwo kan ìwé tí wọ́n nà sí wa ní ibùdó ìdìbò rárá.

Ẹ má ṣe dìbò bí ẹni ń yan Ààrẹ. Èyí ni ìyá gbogbo àṣìṣe tó kù. Ní Nàìjíríà a máa ń tẹ̀ka fún Ààrẹ. Níhìn-ín, kò sí ìwé ìdìbò tí wọ́n fi ń yan olórí ìjọba. Ẹkùn ìdìbò 650 ló wà, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń yan aṣòfin kan ṣoṣo, ẹni tó bá lè kó ọ̀pọ̀ aṣòfin jọ sẹ́yìn ni ọba máa ń ní kó wá dá ìjọba sílẹ̀. Ní July 4, 2024, Holborn and St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni orúkọ Keir Starmer, olórí Labour nígbà náà, wà lórí ìwé. Ti Rishi Sunak, olórí Conservative tó wà lórí oyè nígbà náà, Richmond and Northallerton ní Yorkshire nìkan ló wà. Ará Peckham tó ń sọ pé Sunak lòun lé lọ, orúkọ ẹlòmíràn pátápátá ló fi pẹ́ńsù fa àmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbò December 2019. Àwọn tó fẹ́ràn Boris Johnson, olórí Conservative nígbà náà, ti ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú aṣòfin 365. Kí ọdún 2022 tó parí, Liz Truss ti jẹ, ó lo ọjọ́ 49 lórí oyè, Sunak sì ti gbapò rẹ̀, láìsí ìbò gbogbogbòò kankan láàárín. Ẹgbẹ́ ló ń pààrọ̀ olórí rẹ̀, kì í bi wá. Aṣòfin ẹkùn yín ni ẹ máa wà pẹ̀lú. Òun ni ẹ máa kọ̀wé sí bí ìwé ìgbélùú yín bá há sí Home Office lóṣù kan tẹ̀ lé òmíràn, òun náà ló lè bá yín béèrè lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé àwọn olùdíje ẹkùn yín fẹ́ pàdé aráàlú, èyí tí wọ́n sábà máa ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí gbọ̀ngàn àdúgbò, ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ aráàlú, àti bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó kí wọ́n tó fèsì lẹ́tà. Ìdáhùn wọn á wúlò fún yín ju gbogbo ariwo tí àwọn olórí ẹgbẹ́ ń pa lórí tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ẹ má ṣe gbọ́ ìlérí láàbọ̀. Ìwé ìlérí ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí ẹ lè gbé lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n fi kọ ọ́, ojú ló sì yẹ kí a fi kà á. Ní 2024, Labour ṣèlérí pé àwọn ò ní fi kún owó orí àwọn òṣìṣẹ́, pé àwọn ò ní fi kún National Insurance, owó tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ń san fún ìjọba lórí owó iṣẹ́. Nígbà tó di October ọdún náà, Rachel Reeves, mínísítà ìṣúná wọn nígbà náà, kéde pé láti April 2025, National Insurance tí agbanisíṣẹ́ ń san máa kúrò ní 13.8% bọ́ sí 15%, àti pé orí £5,000 ni wọn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe £9,100 mọ́. Ìjọba ní àwọn ò yẹ àdéhùn, nítorí kò sí kọ́bọ̀ tí wọ́n yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Àwọn alátakò ní irọ́ ni, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́. Ní tèmi, ọmọ Yorùbá tó ni ilé ìtọ́jú arúgbó tàbí ilé oúnjẹ, tó sì gba èèyàn mẹ́wàá síṣẹ́, ìbá ti rí i kí ó tó dìbò pé ìlérí yẹn ò fi gbogbo ara dárúkọ òun. Ta ni wọ́n ṣèlérí fún? Ta ni wọ́n fò dá? Ìgbà wo, owó ta sì ni? Ibi tí wọ́n dákẹ́ sí náà ń sọ̀rọ̀: gígé owó tí wọ́n fi ń ran àwọn arúgbó lọ́wọ́ nígbà òtútù, tí ìjọba Labour kéde ní July 2024, kò sí nínú ìwé ìlérí wọn.

Ẹgbẹ́ míì jẹ̀bi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2010, àwọn Liberal Democrat buwọ́ lùwé pé àwọn ò ní gbà kí owó ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ sókè. Wọ́n bá Conservative wọ ìjọba, owó náà sì lè tó £9,000 lọ́dún ní England láti 2012. Aṣòfin 57 tí wọ́n ní ṣẹ́ku 8 ní 2015.

Nípa iye owó tí wọ́n ń jù síni lójú, a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Níbi àríyànjiyàn ITV ti June 4, 2024, Sunak ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé Labour máa fi £2,000 kún owó orí ìdílé kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tó fi gba orí WhatsApp kan. Owó ọdún mẹ́rin ni wọ́n rò pọ̀, ìyẹn bí £500 lọ́dún. Ọ̀gá àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba ní ilé iṣẹ́ ìṣúná sì ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí wọ́n má ṣe gbé ìṣirò yẹn kalẹ̀ bí ẹni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ṣe é. Kí ẹ tó fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí gúrúùpù ìdílé, ẹ béèrè pé ọdún mélòó, àti ta ló ṣírò rẹ̀.

Ẹ má sì bá olùdíje Westminster, ìyẹn ilé aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, jà lórí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Káńsù ló ń kó ilẹ̀ dànù. Ètò ìlera Scotland àti ti Wales wà lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀, nítorí náà ará Glasgow tó ń retí kí Westminster dín àkókò tí wọ́n fi ń dúró de dókítà kù, ìlẹ̀kùn ibòmíràn ló ń kàn.

Ọ̀rọ̀ “tiwa ni” náà ńkọ́? Kemi Badenoch, ọmọ Adegoke tó dàgbà ní Èkó, di olórí Conservative ní November 2, 2024. Láti ìgbà náà, àwọn kan ń tì í lẹ́yìn nítorí orúkọ, àwọn kan ń kọ̀ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ líle tó sọ nípa Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń gbé ní North West Essex nìkan ni yóò rí orúkọ Badenoch lórí ìwé ìdìbò. Ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín. Ní February 2025, ẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá pé kí ó tó ọdún mẹ́wàá kí àlejò tó lè gba ìwé ìgbélùú títí láé. Ní May ọdún kan náà, ìjọba Labour gbé irú àbá kan náà jáde, láti ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Olùtọ́jú aláìsàn tó ti ń ka ọdún lórí ìka kò lè fi ìfẹ́ ẹgbẹ́ tàbí ti ẹ̀yà nìkan dìbò lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sọ pé ìbò yín ò já mọ́ nǹkan, ẹ má sì ka iye ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè bí ẹni pé òun ló ń pín àga. Ní 2024 Reform rí ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, aṣòfin 5 ló jáde. Liberal Democrat rí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀, wọ́n rí 72, nítorí pé ìbò tiwọn kó jọ sí àwọn ẹkùn tí wọ́n ti lè borí. Ìbò 15 péré ló pinnu Hendon lọ́dún náà. Ní North East Fife ní 2017, ìbò 2 ni. Èsì ìbò tó kọjá ní ẹkùn yín ló yẹ kí ẹ wò, kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè.

Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù ni ti àwọn tó jiyàn títí, tí wọn ò sì forúkọ sílẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 18, tó ní físà, tó sì ń gbé ní Ìlú Ọba, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò nínú ìbò gbogbogbòò, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Kò dìgbà tó bá di ọmọ ìlú. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀. Ará wa tó wá láti Bẹ̀nẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ yìí, àyàfi tó bá ti gba ìwé ọmọ ìlú. Ìforúkọsílẹ̀ máa ń parí ní ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá ṣáájú ìbò: ní 2024, June 18 ni wọ́n tì í. Ẹ mú ìwé tó ní àwòrán yín lọ. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ṣeé lò, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, bí àwòrán inú rẹ̀ bá ṣì jọ yín. Ibùdó máa ń ṣí ní aago méje àárọ̀, wọ́n á tì í ní mẹ́wàá alẹ́. Bí iṣẹ́ alẹ́ bá dá yín dúró, tí ẹ sì ti tò sórí ìlà kí aago mẹ́wàá tó lù, ẹ má ṣe padà sílé, òfin ní kí wọ́n fún yín níwèé.