Apá òkè kò jókòó: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí apá àti òpó módẹ́ẹ̀lì bàálù onípele méjì

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn tó ń to módẹ́ẹ̀lì sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹnì kan á kó bàálù ogun àgbáyé kìíní jáde nínú páálí, á to ara rẹ̀, á kùn ún, iṣẹ́ náà á dùn ún wò. Ọjọ́ tó bá kan apá òkè ni wàhálà á dé. Mo ti rí bàálù tó lẹ́wà tí wọ́n dá padà sínú páálí rẹ̀ láìparí nítorí òpó mẹ́rin péré, ó sì ń dùn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ìdáhùn jọ síbí, kí n lè sinmi àtúnsọ.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yéra: òpó àárín ni mò ń pe àwọn kúkúrú tó ti ara bàálù gòkè lọ gbé àárín apá òkè dúró. Òpó ẹ̀gbẹ́ ni àwọn tó wà láàárín apá ìsàlẹ̀ àti apá òkè, lọ́nà ṣóńṣó apá.

Òpó mi kò wọ inú ihò rẹ̀.

Ọ̀dà ló dí ihò náà. Ẹ fi díríìlì ọwọ́ ro ó kúrò, kí ẹ sì fi abẹ fá ti ẹsẹ̀ òpó. Ẹ má fi agbára tì í, yóò ṣẹ́.

Ó wọlé, ṣùgbọ́n ó gùn ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ.

Ẹ ti gé gbogbo wọn kúrò lára férémù ike tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ nínú páálí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò sì kọ nọ́ńbà sí wọn. Òpó iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í sábà gùn bákan náà. Ọ̀kan ni kí ẹ máa gé, kí ẹ lẹ téèpù kékeré mọ́ ọn, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára téèpù náà kí ẹ tó gé òmíràn.

Èwo ni iwájú òpó, èwo ni ẹ̀yìn?

Etí tó nípọn tó sì rí roboto ló ń kojú afẹ́fẹ́. Etí tó tín-ín-rín ló ń wẹ̀yìn.

Gọ́ọ̀mù mi kì í mú. Bí mo bá fọwọ́ kan apá lásán, òpó á yọ.

Orí ọ̀dà lẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Gọ́ọ̀mù ike máa ń yọ́ ojú ike méjèèjì ni, kí wọ́n lè di ọ̀kan. Bí ọ̀dà bá wà láàárín wọn, ọ̀dà náà ló ń yọ́, ike kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ fá ojú ibi tí nǹkan méjèèjì ti máa pàdé títí ẹ ó fi rí àwọ̀ ike fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi eléyìí kún un, torí ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́: ẹ má fi super glue lẹ òpó àárín. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń fún yín, òpó àárín sì ń fẹ́ kí ẹ rí àyè sún un síwá sẹ́yìn. Gọ́ọ̀mù ike tó nípọn díẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ẹ fi super glue sílẹ̀ di ìgbà tí gbogbo nǹkan bá ti dúró síbi tó yẹ, kí ẹ wá fi ẹ̀kán kan ṣoṣo ti ẹsẹ̀ òpó ẹ̀gbẹ́ pa.

Apá òkè ti sún síwájú ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ṣé mo ti ba nǹkan jẹ́ ni?

Rárá. Bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn nìyẹn. Lára bàálù Tiger Moth, tó kọ́kọ́ fò ní 1931, wọ́n dìídì gbé apá òkè síwájú kí ẹni tó jókòó níwájú lè rọ́nà jáde, wọ́n wá fa ṣóńṣó apá sẹ́yìn kí ìwọ̀n bàálù má bàa dà. Lára Beechcraft Staggerwing, ìdàkejì ni: apá ìsàlẹ̀ ló wà níwájú. Ẹ wo àwòrán bàálù gidi láti ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan òpó kankan.

Ẹ̀dùn ọkàn mìíràn tó jọ ìyẹn ni ti àwọn tó ń to Sopwith Camel, bàálù ogun àgbáyé kìíní ti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń sọ pé àyè tó wà láàárín apá méjèèjì ń fún bó ṣe ń lọ sí ṣóńṣó. Ó gbọ́dọ̀ fún! Apá òkè Camel tẹ́ pẹrẹsẹ, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló gbé ṣóńṣó sókè. Bí àyè ti yín bá dọ́gba láti àárín dé ṣóńṣó, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù.

Bí mo bá wò ó láti iwájú, apá òkè dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti rẹ́ òpó ẹ̀gbẹ́ kù, kò gbọ́.

Ẹ gbé sáńpépà yẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá wọ̀yá ìjà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Sopwith Camel ni, ìwọ̀n 1/48, ìyẹn ni pé gígùn bàálù gidi jẹ́ ìlọ́po 48 ti módẹ́ẹ̀lì. Bàálù gidi tó nǹkan bíi mítà 8.5 láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì, nítorí náà ti módẹ́ẹ̀lì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17.8. Òpó mẹ́jọ péré ló ní: mẹ́rin láàárín, méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Mo ní mẹ́jọ kò le, mo lẹ gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, super glue ni mo sì lò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì kí ojú mi lè bá bàálù náà dọ́gba. Ṣóńṣó òsì apá òkè ti rẹlẹ̀. Mo fi rúlà wọn méjèèjì láti orí tábìlì: mìlímítà 4 ó lé díẹ̀ ni ọ̀tún fi ga ju òsì lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni yóò rò ni mo rò, pé òpó ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló gùn jù. Mo yọ méjèèjì, mo rẹ́ wọn, mo dá wọn padà. Ṣóńṣó ọ̀tún wálẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá náà fúnra rẹ̀ wá tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Mo ní ó dáa, ti òsì ló kúrú. Mo fi ike pẹlẹbẹ bu òpó òsì lé. Nígbà tó di òpin ọ̀sẹ̀ kejì, òpó mẹ́rin wà lọ́wọ́ mi tí kò sí èyí tó bá ìkejì rẹ̀ mu, apá kò sì tíì tọ́.

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo wá yọ gbogbo òpó ẹ̀gbẹ́ kúrò pátápátá, tó jẹ́ pé orí òpó àárín mẹ́rin nìkan ni apá òkè dúró lé. Ó ṣì dà sósì. Òpó ẹ̀gbẹ́ kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀! Mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ apá, mo gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú, mo ń wo ẹsẹ̀ òpó àárín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ òpó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún kò kanlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tín-ín-rín bí òwú. Ẹ̀kán gọ́ọ̀mù kan ti gan sínú ihò kí n tó ti òpó náà bọ̀ ọ́, orí rẹ̀ ni ẹsẹ̀ òpó wá dúró sí. Gbogbo gíga rẹ̀ kò ju ààbọ̀ mìlímítà lọ.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Láàárín orí òpó àárín ọ̀tún àti ti òsì, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ni mo wọ̀n. Bí ọ̀kan bá fi ààbọ̀ mìlímítà ga ju èkejì lọ nínú sẹ̀ǹtímítà 2, tí apá sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 17.8, ìyàtọ̀ náà á ti di nǹkan bíi mìlímítà 4.5 kó tó dé ṣóńṣó. Ohun tí rúlà mi ti sọ fún mi láti ọjọ́ kìíní nìyẹn. Àárín ni àrùn wà, èmi ń fi òògùn pa ṣóńṣó.

Bí mo ṣe tún un ṣe rèé. Super glue máa ń gbẹ gàn-ín-gàn-ín bí òtútù bá mú un dáadáa, nítorí náà mo fi ọ̀rá wé bàálù náà, mo gbé e sínú fíríísà mọ́jú. Lówùúrọ̀, mo fi ẹnu abẹ kan ìdí òpó àárín kọ̀ọ̀kan, mo yí i díẹ̀, ó dún pàṣì, ó sì yọ láìṣẹ́. (Àwọn kan á ní kí ẹ fi acetone, omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, yọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, yóò jẹ ike náà mọ́ gọ́ọ̀mù.) Tó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ike lẹ fi lẹ̀ ẹ́, fíríísà kò ní ràn yín lọ́wọ́, torí ike ti di ọ̀kan. Ayùn tín-ín-rín ni ẹ ó fi gé e, kí ẹ wá lu ihò tuntun.

Mo ro ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́. Mo dojú apá òkè dé sórí tábìlì, ó sì jókòó dáadáa torí ti Camel tẹ́. Mo gé páálí méjì tó le, mo fi àwòrán iwájú bàálù inú ìwé ìlànà ṣe òdiwọ̀n wọn, mo fi wọ́n gbé ara bàálù dúró lórí apá náà, ìdí sókè. Gọ́ọ̀mù ike ni mo lò lọ́tẹ̀ yìí. Kó tó gan, mo wọn ọ̀nà méjì: láti ṣóńṣó apá òkè ọ̀tún dé òpin ìrù, àti ti òsì dé ibì kan náà, lẹ́yìn náà, láti ṣóńṣó apá òkè dé ṣóńṣó apá ìsàlẹ̀ níhà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọn kò ti dọ́gba, mo fi ìka sún un. Mo wá fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24, mi ò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mi tábìlì.

Òpó ẹ̀gbẹ́ ni mo tò gbẹ̀yìn. Àwọn tí mo ti rẹ́ kò wúlò mọ́, mo fi ike pẹlẹbẹ gé mẹ́rin tuntun ní òdiwọ̀n tí ìwé ìlànà fi sílẹ̀. Wọ́n wọlé bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó bá a mu.

Apá fúnra rẹ̀ ló wọ́ láti inú páálí.

Ẹ tì í bọ omi gbígbóná, kì í ṣe èyí tó ń hó, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fọwọ́ tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá tì í bọ omi tútù. Kí ẹ tó kùn ún ni o, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ó tọ́ kí n tó so okùn wáyà rẹ̀. Ní báyìí ó ti wọ́.

Ẹ fa òwú ẹ̀gbẹ́ kan le ju èkejì lọ. Lára bàálù gidi, wáyà tó ti ìsàlẹ̀ ara bàálù gòkè lọ sára apá òkè ló ń di apá mú lójú òfuurufú. Èyí tó ti òkè sọ̀ kalẹ̀ lọ sára apá ìsàlẹ̀ ló ń gbé ìwúwo apá nígbà tí bàálù bá wà nílẹ̀. Nínú módẹ́ẹ̀lì ike, ẹwà lásán ni wọ́n wà fún, nítorí náà kò sídìí tí ẹ ó fi máa fà wọ́n bíi gìtá. Òwú tó ń na bíi rọ́bà ló dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ okùn ìpẹja lẹ fẹ́ràn, ẹ so ọ̀kan ní ọ̀tún, kí ẹ so ẹnìkejì rẹ̀ ní òsì, kí ẹ wo apá láti iwájú kí ẹ tó so ẹ̀kẹta. Ihò okùn, ẹ ti lu ú kí apá òkè tó gun orí òpó.

Òpó Albatros mi rí bíi lẹ́tà V, ìdí kan ṣoṣo ló ní. Kò dúró.

Apá ìsàlẹ̀ Albatros D.III àti D.V, àwọn bàálù ogun Jámánì, kò fẹ̀, igi gígùn kan ṣoṣo tó ń gbé apá ró ló sì wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ìdí V ń dúró lé. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ náà jìyà rẹ̀ nígbà ogun, torí apá yẹn máa ń yí bí bàálù bá fi eré wálẹ̀. Lára D.Va, èyí tó tẹ̀lé D.V, wọ́n fi òpó bíńtín kan ti ìdí V mọ́ etí iwájú apá ìsàlẹ̀. Ẹ wá a nínú férémù yín, ọ̀pọ̀ ń sọ ọ́ nù bí àjẹkù ike. Bí V ṣì ń yẹ̀, ẹ lu ihò 0.3 mm sí ìdí rẹ̀, kí ẹ ki wáyà idẹ bọ̀ ọ́, kí wáyà náà wọnú apá.

Ìgbà wo ni kí n gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe?

Tó bá jẹ́ ike orí pẹpẹ ni, ẹ má gbé e lọ. Kò sí ohun tó lè bàjẹ́ níbẹ̀ tí ọwọ́ yín kò ní lè tún ṣe, àfi bí apá bá ti fà ya kúrò lára bàálù, tó sì jẹ́ ohun tí wọn kò ṣe mọ́.

Ti èyí tó ń fò yàtọ̀ pátápátá. Òpó àti wáyà rẹ̀ ń gbé ìwúwo gidi, ẹ̀rọ tó ń yí níwájú rẹ̀ sì lè ṣeni léṣe. Kí ó tó kúrò nílẹ̀ rárá, ẹ pe ẹni tó ti ń fò wọ́n tipẹ́. Yóò pa ẹ̀rọ, yóò fi ìka gbé bàálù náà sókè níbi ṣóńṣó apá méjèèjì, yóò sì tẹ́tí sí òpó kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá dún, ẹ gbé e padà sórí tábìlì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òpó àárín.