Bí ẹ ṣe máa ka èsì kíka ẹyẹ ọdún Kérésì tí nọ́ńbà ò fi ní tàn yín jẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí èsì Christmas Bird Count àdúgbò yín bá ti jáde, iye ẹyẹ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń sáré wò, wọ́n á ní ó lọ sókè àbí ó wálẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á báyẹn. Ọjọ́ Kérésì ọdún 1900 ni Frank Chapman, onímọ̀ nípa ẹyẹ, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ní dípò táwọn èèyàn á fi máa yìnbọn pa ẹyẹ lọ́jọ́ ọdún, kí wọ́n kà wọ́n, èèyàn 27 ló jáde nígbà yẹn, ní báyìí wọ́n ti ń ju 70,000 lọ lọ́dọọdún, nínú òtútù, láìgba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ó yẹ ká mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti kà á. Àyíká kọ̀ọ̀kan rí roboto, máìlì 15 ni láti etí kan dé ìkejì, kì í sì í ṣí kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ka àyíká kan, láàárín December 14 sí January 5. Torí náà ẹ má fi ti ìlú etí òkun wé ti àárín ilẹ̀ o, àyíká kan náà ni kẹ́ ẹ wò láti ọdún dé ọdún.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni party-hours, èmi ò tiẹ̀ ń wo iye ẹyẹ tí mi ò bá tíì rí i. Iye wákàtí tí àwọn ikọ̀ fi wá ẹyẹ kiri nìyẹn, ikọ̀ ni wọ́n sì ń kà, wọn kì í ka orí, tí èèyàn mẹ́rin bá jọ rìn fún wákàtí 3, wákàtí 3 náà ni wọ́n máa kọ, kì í ṣe 12. Ẹ wá fi wákàtí yẹn pín iye ẹyẹ. Ká ní kannakánná 600 ni wọ́n rí lọ́dún tó kọjá ní wákàtí 60, ìyẹn 10 ní wákàtí kan. Lọ́dún yìí wọ́n rí 450, àmọ́ òjò dí wọn lọ́wọ́, wákàtí 30 péré ni wọ́n rí lò, ìyẹn 15 ní wákàtí kan! Ẹni tó bá ní kannakánná ti dín kù ò wo ìwé náà dáadáa. Wákàtí tí wọ́n fi wá òwìwí lóru àti ti àwọn tó jókòó sílé ṣọ́ oúnjẹ ẹyẹ, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ọn.

Tẹ́ ẹ bá rí "cw", ó túmọ̀ sí pé wọ́n rí ẹyẹ yẹn láàárín ọjọ́ 3 ṣáájú àbí lẹ́yìn ọjọ́ kíkà, wọn ò rí i lọ́jọ́ náà gan-an, kò sí lára àpapọ̀ irú ẹyẹ tí wọ́n rí.

Ojú ọjọ́ náà ńkọ́? Tí adágún bá ti di yìnyín, pẹ́pẹ́yẹ á wá omi lọ síbòmíì, kì í ṣe pé wọ́n ti kú. Tí atẹ́gùn bá le, àwọn ẹyẹ kéékèèké á sá pamọ́, ẹ ò ní gbọ́ ohùn wọn. Tí èso igi ò bá sì so dáadáa ní àríwá Kánádà, àwọn ẹyẹ ibẹ̀ á ya wá gúúsù lọ́dún yẹn, lọ́dún tó tẹ̀ lé e kẹ́ ẹ má rí ẹyọ kan. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ọdún kan ò tó ṣèdájọ́, ó kéré tán ẹ wo ọdún mẹ́wàá.

Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Idì olórí funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nítorí DDT, oògùn apakòkòrò tó ń sọ èèpo ẹyin ẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, Amẹ́ríkà fòfin de oògùn yìí lọ́dún 1972, ẹ wá wo bí idì ṣe ń pọ̀ sí i nínú èsì látìgbà yẹn. Lọ́dún 2009, ẹgbẹ́ Audubon tó ń ṣètò kíkà yìí fi èsì bí ogójì ọdún wo irú ẹyẹ 305, wọ́n rí i pé 58% nínú wọn ti sún sí apá àríwá nígbà òtútù torí ooru ilẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹyẹ Purple Finch tiẹ̀ sún ju máìlì 400 lọ.

Èsì àtẹ̀yìnwá wà lórí ìkànnì Audubon lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tẹ orúkọ àyíká yín, kẹ́ ẹ mú ọdún tẹ́ ẹ fẹ́. Tó bá wù yín láti bá wọn jáde lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ti kàn sí ẹni tó ń kó èsì jọ ní àyíká yín kí December tó wọlé, ẹ ò san nǹkan kan, wọ́n á sì fi yín sọ́dọ̀ ẹni tó mọ ẹyẹ dáadáa.