Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ibi tí agbára wà nínú "second-hand" àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra WAEC àti JAMB, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe Òyìnbó tí wọ́n fi méjì so pọ̀, irú "second-hand", "good-looking", "bad-tempered". Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn n'Ílọrin níbí mọ ìtumọ̀ wọn dáadáa o, àmọ́ tó bá ti di ká mú sílébù tó wúwo jù, èyí tó bá ṣáà wù wọ́n ni wọ́n máa mú.

Ẹ kọ́kọ́ ka sílébù, ẹnu ni kẹ́ ẹ fi kà á, kìí ṣe lẹ́tà. Yorùbá kìí fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì dì mọ́ra wọn, òun ló jẹ́ kí "bread" tó jẹ́ sílébù kan ṣoṣo di bú-rẹ́-dì lẹ́nu wa. Torí náà ẹ ṣọ́ "-ed" yẹn gan-an: bad-tem-pered, mẹ́ta ni, "-ed" ò dá dúró. Kind-heart-ed náà mẹ́ta, ṣùgbọ́n tiẹ̀ dá dúró torí t ló ṣáájú ẹ̀, d náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo left-hand-ed, mẹ́ta.

Ó wá kan stress, ìyẹn agbára tó ń mú kí sílébù kan wúwo ju ìyókù lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo sílébù ló ní ohùn tiẹ̀, igbá yàtọ̀ sí ìgbà. Òyìnbó ní tiẹ̀, ọ̀kan ló máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ. Nínú àwọn tá a dárúkọ yìí, ara ọ̀rọ̀ kejì ló wà: good-LOOKing, bad-TEMpered. Ṣùgbọ́n ó máa ń sún o! Ká ní mọ́tò tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ máa ní "the car is second-HAND", ẹ̀yìn ló wà, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ orúkọ tó wúwo níwájú bá tẹ̀lé e báyìí, "a SECond-hand CAR", ó ti sá wá síwájú, torí wọn ò fẹ́ kí ìlù méjì dún pọ̀ léra. Ẹ fọwọ́ gbá tábìlì bẹ́ ẹ ṣe ń pè é, ẹ máa gbọ́ àlàfo tó wà láàárín. Bí mo ṣe ń jẹ́ káwọn ọmọ ṣe é nìyẹn, kíláàsì á máa dún bí ìgbà tí onílù wọlé, mi ò sì ní kí wọ́n dákẹ́.

"HOMEsick", "SEAsick" àti "WAterproof" ò kì í sún ní tiwọn, iwájú ni wọ́n wà títí. Ẹ má wá rò pé gbogbo èyí tí orúkọ bá bẹ̀rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, "tax-FREE" ń bẹ. Dísọ́nárì ni kẹ́ ẹ ṣí, àmì kékeré tó dúró lókè bí ìṣó, sílébù tó tẹ̀ lé e ló wúwo. Nínú ìdánwò, lẹ́tà ńlá ni wọ́n máa fi kọ ọ́, ẹ pè é sínú ná kẹ́ ẹ tó mú A tàbí B.