Bí wọ́n ṣe ń pàrọwà fún ẹni tí àṣà ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, tó bá di ọ̀rọ̀ òṣèlú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ di olórí, àtẹ̀yin tí wọ́n máa rán lọ bá ìjọba ìlú míì sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó kó àlàyé jọ, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kí ló kà sí iyì? Kí ló lè dà bí ìwọ̀sí létí ẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé lójú tiyín kò tó nǹkan? Tó bá gbà fún yín, ta ló máa bínú sí i nílé? Tẹ́ ẹ bá mọ àṣà ẹ̀, ẹ máa rí ìdáhùn, tẹ́ ẹ bá sì fo ibẹ̀, àlàyé yín ò ní wọlé, bó ti wù kó mọ́gbọ́n dání tó.

Ẹ wo Mandela ti South Africa. Ọdún 27 ló lò lẹ́wọ̀n, ibẹ̀ ló ti jókòó kọ́ èdè Afrikaans, èdè àwọn tó tì í mọ́lé gan-an, ó ń ka ìtàn wọn, ó sì ń wádìí ohun tí wọ́n fẹ́ràn. Nígbà tó wá di 1993, tí ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, Constand Viljoen, ń kó àwọn Afrikaner, ìyẹn àwọn aláwọ̀ funfun tó ń sọ èdè yẹn, jọ tó sì ku díẹ̀ kí wọ́n gbé ìbọn, Mandela ní kó wá sílé òun, ó fọwọ́ ara ẹ̀ bu tíì fún un, ó bá a sọ Afrikaans. Kì í ṣe tíì nìkan ló yí i lọ́kàn padà o, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi dúnàádúrà, àmọ́ lọ́dún 1994 ìbò ni Viljoen gbé ẹgbẹ́ ẹ̀ wọ̀, kò bá ogun lọ mọ́.

Tí kò bá sáyè láti kọ́ èdè, ẹ mú ògbufọ̀ tiyín dání, ẹ má gbára lé tiwọn nìkan, kẹ́ ẹ sì ní kẹ́ni tó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa ka àdéhùn yẹn lédè méjèèjì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára gan-an. Lọ́dún 1889, Ítálì àti Menelik Kejì, ọba Etiópíà, fọwọ́ sí àdéhùn Wuchale, ní abala 17, èyí tó wà lédè Amharic sọ pé Etiópíà lè gba ọ̀dọ̀ Ítálì bá orílẹ̀-èdè míì sọ̀rọ̀ tó bá wù ú, tèdè Ítálì sọ ọ́ di dandan, ìyẹn ni pé Etiópíà ti bọ́ sábẹ́ wọn láìmọ̀. Menelik kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ dogun, Etiópíà ṣẹ́gun wọn ní Adwa lọ́dún 1896. Torí "lè" àti "gbọ́dọ̀", ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kú.

Ẹ̀bùn ńkọ́? Kò dìgbà tó bá wọ́n. Ní Camp David, ilé ìsinmi ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1978, Carter tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà ń wá bí Begin, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, àti Sadat, ààrẹ Íjíbítì, ṣe máa bára wọn ṣàdéhùn àlàáfíà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá tí wọ́n ti ń fà á, Begin ti ń múra àtilọ. Ó ti ní kí Carter fọwọ́ sí fótò fáwọn ọmọ-ọmọ òun, Carter wá kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sára tiẹ̀. Begin ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ẹ̀ yí padà. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Camp David.

Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni ilé ara wọn. Sadat fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ Jerúsálẹ́mù lọ́dún 1977, ọ̀pọ̀ ará Ísírẹ́lì ló sì yí lọ́kàn padà. Àmọ́ lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà tí Íjíbítì àti Ísírẹ́lì wá fọwọ́ sí lọ́dún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá yọ Íjíbítì kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn, àwọn ọmọ ìlú ẹ̀ kan sì pa á lọ́dún 1981. Mandela ní tiẹ̀, nígbà táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ́ fagi lé àmì Springbok táwọn aláwọ̀ funfun ń fi yangàn nínú eré bọ́ọ̀lù rugby, àwọn tiẹ̀ ló kọ́kọ́ pàrọwà fún kó tó wọ jẹ́sì tó ní àmì yẹn jáde lọ́dún 1995. Torí náà kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, ẹ pe àwọn tó máa pariwo jù nílé, ẹ jókòó tì wọ́n, kẹ́ ẹ gbọ́ tiwọn tán.