Bí a Ṣe Lè Tẹ́tí sí Boléro ti Maurice Ravel

Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn Boléro, orin tí ẹgbẹ́ olórin ńlá máa ń fi ohun èlò kọ, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sọ́kàn pé ohùn orin inú rẹ̀ kò ní yí padà. Ohùn méjì péré ni Maurice Ravel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi kọ ọ́ lọ́dún 1928, nígbà tí oníjó kan, Ida Rubinstein, bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ orin ijó fún òun. Ẹni tó ń gbé ohùn náà ló ń yí padà, ibẹ̀ sì ni kí ẹ dẹ etí sí.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ìyẹn díwọ̀n bí ẹ̀rọ yín yóò ṣe pariwo tó, torí pé wúyẹ́wúyẹ́ ni orin náà fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì tìtorí ìyẹn gbé ẹ̀rọ sókè, etí rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀ nígbà tó bá yá. Nínú àwọn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, ẹ yan èyí tí kò kánjú. Èyí tí Ravel fúnra rẹ̀ darí lọ́dún 1930 gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 16, ọdún yẹn kan náà ló sì bá Toscanini, olùdarí ẹgbẹ́ olórin kan, fa ọ̀rọ̀ nítorí pé ìyẹn sáré jù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́ ìlù rẹ̀. Ìlù kékeré irú ti àwọn ológun ni. Igi ń bà á nígbà 24 kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà 169 ni onílùú sì ń lù ú bẹ́ẹ̀ láìsinmi. Ẹ máa fi ọwọ́ lù ú lórí itan títí yóò fi mọ́ yín lára. (Omele tiwa náà mọ irú sùúrù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun rí ìyáàlù tó ń dá a lárayá.)

Wàyí o, ẹ máa ka àwọn tó ń gba orin náà. Flute (fèrè tí wọ́n ń dábùú fọn) ló kọ́kọ́ gbé ohùn kìíní, clarinet, fèrè mìíràn, gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bassoon, fèrè gígùn tí ohùn rẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀, ló wá mú ohùn kejì wọlé láti òkè réré, níbi tí ara kì í ti í rọ̀ ọ́, ohùn yìí sì dùn kíkorò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà kẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù: horn (fèrè onídẹ) ń gbé ohùn kìíní bó ṣe wà, celesta (dùùrù kékeré tó ń dún bí agogo) ń tẹ̀ lé e, piccolo méjì (flute kékeré) sì ń kọ ọ́ lókè ní kíì, ìyẹn ìpele ohùn, tó yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò búra pé dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbé wọlé. Ẹ tún ibẹ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, orin tó ti rọ̀ mọ́ kíì C látìbẹ̀rẹ̀ yóò ṣàdédé fò sí kíì E, yóò sì padà sílé kí ẹ tó mí kanlẹ̀. Ẹ má yọ nǹkan létí nígbà yẹn, torí lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo rẹ̀ yóò wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.